Pèpéle Ìsọrù Ìyá Àgbà

Ìyá Àgbà kò dùbúlẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀ kí wọ́n tó kú. Lórí ìjókòó ni wọ́n ń sùn, ẹ̀yìn wọn nà tààrà, ọrùn wọn le, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì wà lókè lẹ́bàá orí bí ẹni tó ń di nǹkan mú kó má baà já bọ́. Tí a bá fi tipátipá fi ẹ̀yìn wọn lé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á figbe ta: "Ẹ má jẹ́ kó fọ́ o!" Dókítà ya àwòrán egungun ọrùn wọn, ó ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tí èmi wá mọ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀, mo tún mọ̀ pé èmi ni mo fà á, ẹnu mi yìí gan-an ni mo fi fà á.

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ti ń ka ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kó lọ wo ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé "ìyá onísùúrù tí kì í bínú." Áà! Ẹni tó kọ ọ́ ò tíì fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gun ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà rí nìyẹn. Bọ̀dá Rásákì ló kọ ọ́, àbíkẹ́yìn wọn, àbúrò ìyá mi. Ó jù mí lọ dáadáa, ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i.

Ilé Èrò ni gbogbo àdúgbò ń pe ilé wa ní Ọ̀tà, kódà nígbà tí èrò kankan ò wọ̀ síbẹ̀ mọ́. Bàbá bàbá Ìyá Àgbà ló kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti Adó-Odò wá, níbi tí àwọn tó ń ru epo àti èkùrọ́ lọ sí ọ̀nà Èkó ti ń sinmi, tí àwọn tó ń ru iyọ̀ àti aṣọ bọ̀ náà ń sùn mọ́jú. Ilé amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, páànù ti rọ́pò koríko orí rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ ti di títì ọlọ́dà, tírélà tó ń kó ẹrù lọ sáwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń gba iwájú wa kọjá, tí gbogbo abọ́ inú ilé á sì máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà gan-an ló ṣì wà, torí Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọ́n dojú kọra tààrà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan ló wà láàárín wọn. Èrò á gba iwájú wọlé, á sinmi, á gba ẹ̀yìn jáde síbi kànga, á sì bá tirẹ̀ lọ. Wọn kì í gba ibi tí wọ́n wọlé jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yàrá èrò mẹ́rin wà, fèrèsé wọn kọjú sí àgbàlá, kò sí èyí tó kọjú sí títì, kí olè má baà máa ti ìta wo ẹrù ẹlẹ́rù. Ilẹ̀kùn àwọn yàrá yẹn ò ga ju àyà mi lọ. Mo bi Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan pé ṣé kúkúrú làwọn ará ìjọ́un ni. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àlejò tó bá tẹrí ba kó tó wọlé, wàá ti rí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ kó tó rí ojú tìẹ."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ara èèyàn á kọ́kọ́ bù máṣọ, kó tó wá yé e.

Wọ́n ní òfin kan lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹní síbẹ̀ lọ́sàn-án. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí tírélà bá sì dá díẹ̀ lójú títì, ẹsẹ̀ kan á máa wọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Èmi ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹnu ọ̀nà méjì tó bá dojú kọra, kí ló tún máa gba ibẹ̀ bí ò ṣe afẹ́fẹ́? Mo ka sáyẹ́ǹsì níléèwé, èmi kì í ṣe ará oko.

Ni mo bá tẹ́ ẹní mi síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, mo sùn lọ. Ohun tó jí mi ni pé ẹsẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dúró. Mo la ojú. Mi ò rí nǹkan kan, àfi ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó tẹ̀ wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e. Mo di etí ẹní mú. Ìyá Àgbà yọ láti ibi ìdáná, wọn ò pariwo rárá. Wọ́n di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n wọ́ èmi àti ẹní kúrò lọ́nà, wọ́n wá yíjú sí ibi tó ṣófo yẹn, wọ́n ní, "Ẹ máa kọjá o, ẹ má bínú, ọmọdé ni." Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ìyá Àgbà gbá mi létí ẹyọ kan péré. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, èèyàn kì í sùn dínà mọ́ ẹni tó ru ẹrù."

Mo ti ń yí ká ọ̀rọ̀ pèpéle, ẹ jẹ́ n wá dé orí ẹ̀ báyìí.

Lápá òsì ẹnu ọ̀nà iwájú, níta, ni pèpéle ìsọrù wà. Kì í ṣe pèpéle tí èèyàn ń jókòó lé o. Ó ga dé èjìká àgbàlagbà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n mọ́ ara ògiri, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ru ìkòkò epo láti Adó-Odò dé Ọ̀tà ò lè dá a sọ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọrùn á yẹ̀, ìkòkò á sì fọ́. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa bá a gbé e kúrò lórí. Tí kò bá wá rí ẹnì kankan, á fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ pèpéle, á rọra tẹ orí, ẹrù á sì bọ́ sórí amọ̀ láìfọ́. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn. Lóṣooṣù ni Ìyá Àgbà ń fi amọ̀ pupa àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ojú rẹ̀, tí á máa dán. Kòtò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ níbi tí ìdí agbọ̀n ti jẹ ẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Wọn kì í dí kòtò yẹn. Ibi tí kálukú mọ̀ pé ẹrù òun ń jókòó sí ni.

Pèpéle wà fún ìgbà tí ilé bá ṣófo. Tí èèyàn bá wà nílé, ọwọ́ èèyàn ló yẹ kó sọ èrò. Ẹni tó bá dúró níwájú ilé tó ké pé, "Ẹ sọ̀ mí o," ẹ jáde, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ bi í pé ta ni, ẹ ò sì gbọdọ̀ bi í pé kí ló rù, àfi ìgbà tó bá mu omi tán. Tí ẹ ò bá lè jáde, ẹ dákẹ́, á mọ̀ pé kò sẹ́nìkan nílé, á lọ síbi pèpéle tàbí kó wá ibòmíràn lọ. Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe láéláé ni kí ẹ dáhùn pé, "Mò ń bọ̀," kí ẹ má sì lọ. Ẹni tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ò ní í lọ síbi kankan mọ́. Á dúró dè yín, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá Àgbà fi ìka gún mi lórí nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní èyí. Wọ́n ní, "Tó o bá ti ní ò ń bọ̀, ìdajì ẹrù yẹn ti wà níbí."

Ọrùn ni Ìyá Àgbà ń wò lára èèyàn. Ẹlòmíràn á wo bàtà, ẹlòmíràn á wo fóònù, àwọn á yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, wọ́n á wo ọrùn ẹ. Nígbà tí mo mú ọkùnrin kan wálé, ọmọkùnrin tó rẹwà, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Ìyá Àgbà fún un lómi, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n wò ó láti ẹ̀yìn nígbà tó ń lọ. Mo ní, "Ìyá Àgbà, báwo lẹ ṣe rí i?" Wọ́n ní ọrùn ẹ̀ rọ̀, kò ru nǹkan kan rí. Mo bínú, mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mo gbọ́ pé ọkùnrin mi ti fẹ́yàwó sí Kútọnu.

Ìyá Àgbà tún máa ń kí tírélà. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ kú ẹrù o!" Àwọn awakọ̀ kan mọ̀ wọ́n, wọ́n á fọn fèrè mọ́tò, Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Àmọ́ ọkàn wọn ò balẹ̀ sí tírélà. Wọ́n ní, "Ẹrù tí ò ní ọrùn lábẹ́, ta ló máa mọ̀ pé ó wúwo?"

Ohun tí Ọ̀tà fi mọ̀ wọ́n, tí àwọn èèyàn ṣì ń sọ títí dòní, ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó rìn kiri ìgboro Sàngó fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù lórí. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi dì í. Obìnrin náà ò jókòó, kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju gbólóhùn kan lọ, gbólóhùn yẹn náà làwọn èèyàn ń sá fún. Àwọn ọlọ́kadà ní orí èèyàn ló wà nínú aṣọ yẹn. Àwọn kan ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á di iṣu. Nígbà tó fi máa dé iwájú ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ogunlọ́gọ̀ ti ń tẹ̀ lé e lókèèrè, gbogbo wọn na fóònù sókè. Ó dúró. Ó ní, "Ẹ sọ̀ mí."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ojú ẹ̀, mo fà sẹ́yìn mọ́ ara ògiri. Ìyá Àgbà ti inú ilé jáde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọmọ iléeṣẹ́ kan pariwo láti òdìkejì títì: "Mama, abeg no touch am o!" Wọn ò wò ó. Wọ́n ní, "Bísímílà," wọ́n di ẹrù náà mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n gbé e sórí pèpéle. Mo gbọ́ bí ọrùn obìnrin yẹn ṣe dún. Ó bú sẹ́kún, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Nígbà tó mu omi tán, ó sọ orúkọ ẹ̀ fún wa, ó sì tú aṣọ náà fúnra ẹ̀. Ìkòkò ìsebẹ̀ méjì ni, aṣọ ọmọ, àti àpótí ìjókòó kékeré kan. Wọ́n wó ilé tó ń gbé, ó kó ìwọ̀nba tó rí kó, àwọn kan gbé e rù ú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sì rí ẹni tó máa sọ̀ ọ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá èrò kó tó gba ẹ̀yìn jáde lọ. Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ yẹn, torí tó bá jẹ́ orí èèyàn ni ńkọ́? Wọ́n ní, "Èmi ò wo ẹrù. Ọrùn ni mo wò."

Gbogbo èyí ṣojú mi, mi ò sì kọ́ nǹkan kan.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, mò ń retí ìpè láti iléeṣẹ́ kan tí mo wáṣẹ́ lọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sùn sílẹ̀ nínú yàrá, mò ń tẹ fóònù. Ohùn obìnrin kan ké láti iwájú: "Ẹ sọ̀ mí o." Ohùn tó ti gbẹ, tó rẹ̀. Mo rò pé ọmọ tó ń kiri omi ni. Mo ní, "Mò ń bọ̀!" Bí mo ṣe ní kí n dìde, fóònù dún, iléeṣẹ́ náà ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nínú ilé, mo sáré gba ẹ̀yìn jáde lọ síbi kànga. Wọ́n gbà mí síṣẹ́! Mo jó níbẹ̀. Mo pe ìyá mi, mo pe ọ̀rẹ́ mi méjì. Ó tó wákàtí kan kí n tó padà wọlé, mo sì ti gbàgbé pé ẹnì kan wà níwájú.

Bí mo ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo tún gbọ́ ọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ẹ sọ̀ mí o." Mo jáde, kò sẹ́nìkan. Oòrùn ń ta lójú títì. Ìyá Àgbà ti gbá iwájú ilé láàárọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ipa ẹsẹ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀, wọ́n jìn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ipa ẹsẹ̀ tó débẹ̀, kò sí èyí tó kúrò níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ gbá wọn rẹ́, mo wọlé.

Bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n dé láti mọ́sálásí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi nígbà tí mo rí ojú wọn.

"Ṣé o dá a lóhùn?"

"Mo ní mò ń bọ̀."

"O wá lọ?"

"Kò sẹ́nìkan níbẹ̀, Ìyá Àgbà."

Wọ́n jókòó lórí àpótí. Wọ́n ní, "Mi ò bi ẹ́ pé ta ló wà níbẹ̀. Mo bi ẹ́ pé ṣé o lọ."

Láti ọjọ́ kejì ẹ̀, tí oòrùn bá ti kan àtàrí, Ìyá Àgbà á jáde síwájú ilé. Wọ́n á ti gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á dúró. Ọjọ́ míràn, ìṣẹ́jú márùn-ún, ọjọ́ míràn, títí wọ́n á fi pe ìrun Àílà. Wọ́n á sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Mo dé o. Ọmọ mi ló ṣe é, èmi nìyí." Wọ́n á sọ ọwọ́ kalẹ̀ lófo, wọ́n á wọlé. Ó dójú tì mí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìyá ti ń ṣarán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi máa dúró níbẹ̀ tó bá jẹ́ dandan, wọ́n ní ọrùn mi ò tíì gbó. Bọ̀dá Rásákì mú àfáà kan wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó jókòó tì wọ́n, ó ní àlùjọ̀nnú ló ń dán wọn wò, kí wọ́n má dá a lóhùn mọ́. Ìyá Àgbà tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Wọ́n ní, "Àfáà, ẹ ṣé. Àmọ́ àlùjọ̀nnú náà ní ọrùn."

Ọdún méje ni wọ́n ṣe é. Mo ríṣẹ́ ṣe, mo gba yàrá sí Ìtẹ̀lé, mò ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Tí mo bá ti rí i pé ọ̀sán ń kan, mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ilé.

Ìjà tó wà láàárín Ìyá Àgbà àti Bọ̀dá Rásákì ti pẹ́ kó tó kan pèpéle. Lọ́dún kan, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, Bọ̀dá mú bíríkìlà wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri iwájú, ó kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ búlúù. Ó rò pé wọ́n á gbàdúrà fún òun. Ìyá Àgbà wo ilé, wọ́n wò ó.

"Ìyá, mo fẹ́ kí ilé yín jọ ilé èèyàn ni."

"Rásákì, tí mo bá fi ọ̀rá di ojú àti imú ẹ, ṣé wàá jọ èèyàn?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé amọ̀ ń mí. Òjò tó bá wọ ara ẹ̀, oòrùn ló ń fà á jáde. Sìmẹ́ńtì dí i pa, omi ń jókòó sínú ògiri, amọ̀ ń jẹrà láti inú, ara ògiri sì ń tutù lọ́sàn-án gangan bí ara òkú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn án, mi ò tún ṣe é mọ́.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, Bọ̀dá fẹ́ kí tírélà lè yí wọ àgbàlá wa láti máa sùn níbẹ̀. Pèpéle ló dí wọn lọ́wọ́. Ó dúró de ọjọ́ tí Ìyá Àgbà lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Adó-Odò, ó kó àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá pẹ̀lú òòlù ńlá. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, mo bá a níbẹ̀. Ṣé mo pariwo? Mo pariwo. Àmọ́ mi ò dúró síwájú òòlù, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ìyẹn náà. Apá kan nínú mi ní, tí pèpéle bá lọ, Ìyá Àgbà á ṣíwọ́ àtijáde yẹn.

Ìyá Àgbà dé, oòrùn ti fẹ́ẹ̀ kan àtàrí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, wọ́n rí òkìtì amọ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n ní, "Rásákì, ibo lo wá ní kó gbé e kà?"

Bọ̀dá ní, "Gbé kí ni kà, Ìyá?"

Ìyá Àgbà yí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n lọ dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wọn ò sọ̀ kalẹ̀ lófo. Mo rí i bí apá wọn ṣe le, bí èjìká wọn ṣe tẹ̀, bí wọ́n ṣe rọra ń fa nǹkan bọ̀ wá síwájú àyà. Wọ́n yíjú sí apá òsì, síbi pèpéle, kò sí pèpéle níbẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Apá wọn ti ń gbọ̀n. Ni wọ́n bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé e ru ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń bọ̀ wá sínú ilé. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, "Yà lọ́nà, Àbẹ̀kẹ́." Mo yà. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ogbó ti dé nìyí.

Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ló gbé ògiri iwájú lọ. Bọ̀dá mú Ìyá Àgbà lọ sí ilé ẹ̀ ní Ìjokò, ilé búlọ́ọ̀kù, táìlì funfun láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀ tí wọn ò dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn wú, ẹ̀yìn wọn bó, ojú wọn wọnú lọ. Gbogbo ohun tí ìyàwó Bọ̀dá ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju pé kí ìyá lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sinmi kí wọ́n tó lọ. Èmi náà bẹ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn, Bọ̀dá àti ìyàwó ẹ̀ lọ ra oògùn, ó ku èmi àti Ìyá Àgbà. Ọ̀sán pọ́n. Nẹ́pà ò mú iná wá, kò sí ariwo kankan ní gbogbo òpópónà yẹn. Mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn. Mo wo ọwọ́ yẹn tó wà lókè, awọ àti egungun, tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n wó pèpéle. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ rù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Kò tíì mu omi, o ti ń béèrè."

Mo gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe arán. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń jáde yẹn kì í ṣe arán. Ẹni tí mo ní mò ń bọ̀ fún dúró síbẹ̀ fún ọdún méje, ìyá mi àgbà lọ bá a, wọ́n gba ẹrù yẹn, wọn ò ríbi gbé e kà, wọ́n gbé e lé orí ara wọn torí kó má baà wá sórí mi. Wọn ò sì fi bú mi lọ́jọ́ kan.

Wọ́n yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ sọ̀ mí o."

Mi ò ní í purọ́, mo fẹ́ sá. Mo wo ilẹ̀kùn. Mo rò ó pé tí ọwọ́ mi bá kàn án, tí n kò sì lè gbé e, ta ló wà nílé tó máa sọ èmi? Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ahọ́n mi, mo ṣáà lè ní mò ń bọ̀ kí n lọ pe àwọn aládùúgbò. Mo gé ahọ́n mi jẹ. Mo dìde, mo dúró síwájú wọn, mo ní, "Bísímílà," mo na ọwọ́ méjèèjì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, níbi tí kò sí nǹkan kan.

Ọwọ́ mi bá nǹkan.

Ó tutù, ó sì wúwo ju ohunkóhun tí mo ti gbé rí. Apá mi fẹ́ já. Mo gbọ́ bí ọrùn Ìyá Àgbà ṣe dún. Mo fà á mọ́ àyà, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, lórí kejì, mo gbé e ka orí táìlì, mi ò jẹ́ kó fọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ ọ̀tún wọn ti wà lórí itan wọn. Mo gbá wọn mọ́ra, wọ́n fúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́, mo fi ẹ̀yìn wọn lé bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò ké. Gbogbo ara wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo gbé omi sí wọn lẹ́nu, wọ́n mu gbogbo ẹ̀ tán.

Wọ́n wá la ojú, wọ́n wò mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, Ìyá Àgbà ò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí, "ìwọ" ni mí sí wọn. Ohùn tó sì jáde lẹ́nu wọn lọ́sàn-án yẹn kì í ṣe ohùn wọn. Obìnrin kan ni, ohùn tó ti gbẹ, tó rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣé o, ìyá onílé. Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo dúró kí wọ́n dá mi lóhùn. Ìyá Àgbà ti lọ.